Ta Ni Orúkọ Náà Ń Bá Sọ̀rọ̀?

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá síbí lọ́sàn-án yìí, mo kí yín kú ìjókòó. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí orúkọ obìnrin káàkiri ayé, ìtumọ̀ rẹ̀ àti orísun rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ni n ó fi bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1848, àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì ya bo Òkè-Ọ̀dàn nílẹ̀ Yewa. Wọ́n pa àwọn òbí ọmọ náà, wọ́n sì kó o lẹ́rú. Kò lè ju bí ọmọ ọdún márùn-ún lọ nígbà náà. Lẹ́yìn ọdún méjì, Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ bá Ọba Ghezo láàfin pé kó jáwọ́ nínú òwò ẹrú. Ghezo kò jáwọ́, ṣùgbọ́n ó mú ọmọ náà, ó fi ta Ayaba Victoria lọ́rẹ. Forbes wá sọ ọmọ náà lórúkọ: Sarah Forbes Bonetta. Ẹ jẹ́ ká tú u wò. Inú Bíbélì ni Sarah ti wá. Forbes ni orúkọ ọ̀gá ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Bonetta ni orúkọ ọkọ̀ ojú omi tó gbé e lọ. Orúkọ mẹ́ta, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ ọmọ náà rí.

Orúkọ tó gbé kúrò nílé ni Àìná. Gbogbo ẹni tó gbọ́ Yorùbá nínú yàrá yìí ti mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ báyìí tí Forbes kò mọ̀, tí Ghezo kò mọ̀, tí ayaba náà kò sì mọ̀. Ó gbé ìwọ́ kọ́ ọrùn wáyé. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ fò lọ, tó tú ìwọ́ náà lọ́rùn ọmọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tó gbọ́ igbe, tó wá pe orúkọ. Ẹni yẹn ti kú, ilé yẹn ti jó, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rí lójú ìkúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà ṣì wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn.

Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá, ìbéèrè kan ti wà lọ́kàn mi tí àwọn ìwé ìtumọ̀ orúkọ kì í béèrè. Ìwé á sọ fún ọ pé Margaret ni péálì, Sophia ni ọgbọ́n, Irene ni àlàáfíà, Zoe ni ìyè, láti inú èdè Gíríìkì. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ìbéèrè tèmi ni pé: ta ni orúkọ náà ń bá sọ̀rọ̀? Nítorí orúkọ wà tó kọjú sí ọmọ, tó ń wò ó lójú. Òmíràn wà tó gba orí ọmọ kọjá lọ bá ẹlòmíràn: Ọlọ́run, ìdílé, ọ̀tá ilé, tàbí ọmọkùnrin tí wọn ò tíì bí pàápàá. Bí a bá ti mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí, a ti mọ ipò tí wọ́n to ọmọbìnrin náà sí nínú ilé.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbi Àìná. Ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, bó bá jẹ́ ọkùnrin ló gbé ìwọ́ kọ́ ọrùn, Òjó ni. Ó jọ mí lójú pé a pín ìyẹn sí akọ àti abo, nígbà tó jẹ́ pé Táíwò, Kẹ́hìndé, Ìgè, Dàda àti Àjàyí kò bìkítà bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. A sì máa ń rò pé àwa nìkan la ní amútọ̀runwá. Ìyàwó àkọ́kọ́ tí Ànábì Muhammad fẹ́ ni Khadija, tí àwa ń pè ní Kàdíjátù. Àwọn onímọ̀ èdè Lárúbáwá so orúkọ yẹn mọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ nípa abo ràkúnmí tó bímọ kí oṣù tó pé. Ọmọ tí kò dúró kí àsìkò rẹ̀ tó yọjú: bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n bí i, amútọ̀runwá la ó pè é.

Nísinsìnyí, oríkì. Ibí ni n ó ti pẹ́, ẹ bá mi fara dà á.

Ìyá tó bí ìyá mi kò fi orúkọ tó wà nínú ìwé mi pè mí títí tó fi kú. Àṣàkẹ́ ló ń pè mí. Bó bá jí mi láàárọ̀, Àṣàkẹ́. Bí mo bá ń sunkún, Àṣàkẹ́, á sì fà á gùn bí ẹni ń fi ọwọ́ pa mí lẹ́yìn. Bó bá fẹ́ rán mi níṣẹ́ tó mọ̀ pé mi ò fẹ́ lọ, Àṣàkẹ́ náà ni, mo sì ti dìde kí n tó mọ̀ pé mo dìde. Ọmọ tí a ṣà láàárín ọ̀pọ̀ láti kẹ́ ni. Ẹ wo bí wọ́n ṣe hun ún. Ọ̀rọ̀ ìṣe méjì ló wà níbẹ̀. Àjíkẹ́, ẹni tí a jí tí a sì ń kẹ́. Àdùkẹ́, ẹni tí gbogbo ilé ń du láti kẹ́. Àjọkẹ́, ẹni tí a pawọ́ pọ̀ kẹ́. Àbẹ̀kẹ́, ẹni tí a bẹ̀ kí a tó rí i kẹ́. Àyìnkẹ́, Àmọ̀kẹ́, Àníkẹ́, Àríkẹ́. Ọ̀rọ̀ ìṣe àkọ́kọ́ ń sọ bí ọmọ ṣe dé ọwọ́ wa tàbí bí a ṣe ń ṣe sí i. Èkejì, kẹ́, ni ẹ̀jẹ́.

Ti ọkùnrin yàtọ̀. Àjàní, a jà kí a tó ní i. Àjàgbé, a jà, a sì gbé e. Ìjà àti ìní ló pọ̀ nínú tiwọn, ìkẹ́ ló pọ̀ nínú ti obìnrin. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí mo ń kọ́ máa ń bínú síyẹn. Ọ̀kan dìde lọ́jọ́ kan, ó ní, "Mà, ṣé àwa ò lè jà ni?" Ìbínú rẹ̀ kò burú, mo sì ti ro ọ̀rọ̀ náà tó pé. Ohun tí mo rí ni pé àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ nínú oríkì yẹn ni àwọn àgbà. Àwa ni a ṣà, àwa ni a ó kẹ́. Oríkì náà kò pàṣẹ fún ọmọ kankan pé kó rọ̀, kò ní kó dákẹ́, kò ní kó máa kúnlẹ̀. Àgbà ló dè mọ́lẹ̀. Nígbàkígbà tí ìyá àgbà mi bá sì pè mí, ẹ̀jẹ́ ara rẹ̀ ló ń rán ara rẹ̀ létí. Ọmọdé tí wọ́n bá ń pè ní Àjọkẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti bi gbogbo agbo ilé pé: ẹ̀yin dà, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ ó jọ kẹ́ mi?

Ìdí nìyẹn tí ó fi dùn mí pé oríkì ń lọ. Nínú kíláàsì kan, mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ oríkì rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kò pọ̀. Ọmọbìnrin kan lọ béèrè nílé, bàbá rẹ̀ ní wọn ò fún un ní ọ̀kankan. Ó padà wá bá mi, ó ní kí n fún òun. Mo sọ fún un pé oríkì kì í ti ọwọ́ olùkọ́ wá, kó lọ bá ìyá bàbá rẹ̀ ní abúlé. Ó lọ nígbà ìsinmi, Àbẹ̀ní ni ó gbà bọ̀. Ìyá àgbà náà ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ni òun ti fi í pamọ́ sẹ́nu, kò sí ẹni tó béèrè ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí Róòmù àtijọ́. Níbẹ̀, ọmọkùnrin ní orúkọ tirẹ̀: Marcus, Gaius, Lucius. Ti ọmọbìnrin kò le rárá: orúkọ ìdílé bàbá ni wọ́n á mú, wọ́n á yí ìparí rẹ̀ sí ti abo, ó parí. Julius Caesar bí obìnrin, ọmọ di Julia. Marcus Tullius Cicero bí obìnrin, ọmọ di Tullia. Bó bá wá jẹ́ méjì ni wọ́n bí ńkọ́? Orúkọ kan náà ni fún àwọn méjèèjì. Scipio Africanus, tó ṣẹ́gun Hannibal, bí ọmọbìnrin méjì, Cornelia ni àwọn méjèèjì. Mark Antony àti Octavia bí méjì, Antonia ni ti àkọ́kọ́, Antonia ni ti èkejì. Antonia Àgbà àti Antonia Kékeré ni ìtàn fi ń dá wọn mọ̀. Àwọn mìíràn á fi Prima, Secunda, Tertia kún un, ìyẹn Èkíní, Èkejì, Ẹ̀kẹta, bí ẹni ń ka iṣu lórí ebè. Èmi fẹ́ràn orúkọ Julia, ó dùn létí. Ṣùgbọ́n bí a bá pè é, ìdílé kan ló ń jẹ́ "hòo". Ọmọ náà ń dúró lẹ́yìn.

Ìyẹn ṣì dára. Ní Ṣáínà, orúkọ obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Zhaodi: "pe àbúrò ọkùnrin wá". Òmíràn ni Laidi: "àbúrò ọkùnrin ń bọ̀". Òmíràn ni Pandi: "a ń retí àbúrò ọkùnrin". Wọ́n bí ọmọ, wọ́n gbé e lọ́wọ́, wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ń bọ̀. Ọmọ tí wọ́n ń retí yẹn lè má wá láéláé, ọmọbìnrin yẹn á sì ru orúkọ náà dé ọjọ́ ogbó, á máa fi buwọ́ lùwé.

Ní ìpínlẹ̀ Maharashtra ní Íńdíà, ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orúkọ tí wọ́n ń sọ ọmọbìnrin níbẹ̀ nígbà mìíràn ni Nakusa. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "a ò fẹ́ ẹ". Ẹrù àti owó tí ìdílé ìyàwó ń kó fún ìdílé ọkọ lọ́hùn-ún wúwo. Ẹni tó bá ti bí obìnrin méjì, mẹ́ta, á máa rí gbèsè lójú oorun. Mo máa ń ro ti ìyá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà nírọ̀lẹ́ tó ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wálé: A-ò-fẹ́-ẹ, oúnjẹ ti délẹ̀ o. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2011, ìjọba agbègbè Satara pe ọmọbìnrin 285 tó ń jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ jọ, wọ́n ní kí wọ́n yan orúkọ tuntun, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Àwọn kan mú Aishwarya, bíi ti òṣèré sinimá. Àwọn kan mú Savitri, orúkọ òrìṣà obìnrin. Àwọn kan mú Vaishali, tó ní ire, ẹwà àti ọrọ̀ nínú. Wọ́n sọ ara wọn lórúkọ. Mi ò mọ ìsọmọlórúkọ tó wù mí láti wà níbẹ̀ tó ìyẹn.

Ẹnì kan á ní, ṣebí àwa náà ní orúkọ tó korò. A ní in. Àkísàátán: àkísà tí a óò fi wé òkú rẹ ti tán. Ààtàn: orí ààtàn ni tìẹ. Àbíkú ni wọ́n ń sọ irú wọn fún, ọkùnrin àti obìnrin. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohùn tó wà nínú wọn. Ikú ni wọ́n fi ń lé. Àwọn yòókù tó bá wọn rìn ń bẹ ọmọ lójúkojú: Màlọmọ́, Dúrósinmí, Bánjókòó. Àwa tí a bí ọ, a wà níbí, jọ̀ọ́, bá wa jókòó. Àkísàátán àti Nakusa lè jọ ara wọn létí àlejò. Ọ̀kan ń tì ọmọ síta, èkejì di ọmọ mú pinpin, ó ń sọ̀rọ̀ burúkú nítorí ẹ̀rù.

Àwọn ará Igbo ní ọ̀kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi: Nwanyịbụife, "obìnrin náà jẹ́ nǹkan". Ta ni wọ́n ń bá wí? Àwọn aládùúgbò ni. Ẹnì kan ti wá kí wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bímọ, ó ti dákẹ́ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nígbà tó gbọ́ pé obìnrin ni. Bàbá tàbí ìyá ọmọ náà rí i, ó sì fi orúkọ dá a lóhùn. Àríyànjiyàn odidi ìlú wà nínú orúkọ yẹn, a sì mọ ẹni tó borí. Nneka náà wà níbẹ̀, "ìyá ló ga jù".

Orúkọ ọjọ́ ìbí rọrùn ju gbogbo èyí lọ. Ẹni tó bá ti gbé nítòsí Sábó mọ Ládì, Tàlátù, Làrábà, Jùmáì, Àsàbé: Hausa fi ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ pè é. Àwọn Akan ní Gánà fún gbogbo ọmọbìnrin ní orúkọ ọjọ́. Akosua ni ti ọjọ́ Àìkú, Adwoa ni ti ọjọ́ Ajé, Abena, Akua, Yaa, Afua, Ama sì tẹ̀ lé wọn títí dé ọjọ́ Àbámẹ́ta. Yaa Asantewaa, ìyá ọba Ejisu, ẹni tó kó ogun jáde sí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1900 nígbà tí gómìnà wọn ní kí wọ́n gbé àga wúrà àwọn Asante wá kí òun jókòó lé e, ọmọ Ọjọ́bọ̀ ni. Ẹnu lásán ni wọ́n fi ń pa á mọ́, síbẹ̀ ó ti pé ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí a ti ń mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i lọ́sẹ̀.

Orúkọ ọjọ́ yìí kan náà ni wọ́n kó wọ ọkọ̀ ẹrú dé Jàmáíkà. Nínú ìwé àwọn olóko ìrèké, Abena di Beneba, Afua di Phibba, Adwoa di Juba, ọmọbìnrin ọjọ́ Àìkú di Quasheba. Akọ̀wé olóko kọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ, láàárín iye màlúù àti iye àgbá ṣúgà. Nígbà tó yá, àwọn òyìnbó ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pe obìnrin ẹrú èyíkéyìí ní Quasheba, wọn ò béèrè ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni mọ́. Ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn orúkọ nìyẹn. Orúkọ tí ìyá fi yan ọjọ́ kan fún ọmọ rẹ̀ nínú ọjọ́ méje, wọ́n sọ ọ́ di ẹnikẹ́ni.

Ti ẹ̀sìn kúrú, nítorí gbogbo wa la mọ díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí Àjàyí Crowther rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1846, ogún ọdún ó lé márùn-ún ni wọ́n ti pínyà láti ìgbà tí ogun ti kó wọn ní Òṣogùn. Afala ni ìyá náà ń jẹ́. Ọdún 1848 ni wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, orúkọ tí wọ́n fún un ni Hánnà. Ẹni tó bá ka Bíbélì rí i lójú ẹsẹ̀: Hánnà ni ìyá Sámúẹ́lì, Samuel sì ni ọmọ rẹ̀ ń jẹ́. Hánnà túmọ̀ sí ojúrere lédè Hébérù. Nínú àwọn orúkọ ìrìbọmi tí wọ́n pín fún àwọn ìyá wa nígbà náà, díẹ̀ ló bá ẹni tó jẹ́ ẹ mu tó báyìí. Ọ̀pọ̀ ló gba Déborà láìmọ̀ pé kòkòrò oyin ni, tó gba Rákélì láìmọ̀ pé abo àgùntàn ni.

Ní ti àwọn Mùsùlùmí wa, ẹ tẹ́tí sí ìparí orúkọ obìnrin wọn. Àwọn Lárúbáwá kì í sábà pe "t" tó kẹ́yìn orúkọ wọ̀nyẹn. Àwa pè é, a tún fi fáwẹ̀lì lé e kó lè rí ibi jókòó sí. Kúdírátù ni agbára. Kúdírátù Abíọ́lá, tí wọ́n yìnbọn pa ní Èkó ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 1996 nítorí kò gbà pé kí ìbò ọdún 1993 wọgbó, jẹ́ orúkọ náà dé góńgó. Ràmọ́tà sì ni àánú, ohun tí àwọn àlùfáà wa máa ń pè ní ìkẹ́ Ọlọ́hun. Ẹni tó bá ń jẹ́ Ràmọ́tà Àjíkẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kẹ́ ẹ, lẹ́ẹ̀kan lédè Lárúbáwá, lẹ́ẹ̀kan lédè Yorùbá. Mo mọ ìyá kan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ ẹ́.

Áísílándì jìnnà sí wa, òtútù sì ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn ibẹ̀ kan wa. Obìnrin ibẹ̀ kì í gba orúkọ ọkọ. Ọmọbìnrin Finnbogi ni Finnbogadóttir, ó sì kú síbẹ̀. Vigdís Finnbogadóttir, tí wọ́n dìbò yàn ní ààrẹ ní ọdún 1980, ogun àti òrìṣà obìnrin ló wà nínú orúkọ rẹ̀, nítorí àwọn baba ńlá wọn kò bẹ̀rù láti fi ogun sọ ọmọbìnrin. Síbẹ̀, ìgbìmọ̀ ìjọba kan wà níbẹ̀ tó ń pinnu orúkọ tó bá òfin mu. Ìyá kan sọ ọmọbìnrin rẹ̀ ní Blær, afẹ́fẹ́ lẹ́lẹ́. Ìgbìmọ̀ ní rárá, akọ ni ọ̀rọ̀ náà nínú gírámà. Fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ọmọ náà ni "Stúlka". Ẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí? "Ọmọbìnrin." Ìyẹn nìkan. Ilé ẹjọ́ dá a láre ní oṣù kìíní ọdún 2013, nígbà tó sì di ọdún 2019, wọ́n ṣe òfin pé orúkọ kò tún ní í jẹ́ ti akọ tàbí ti abo mọ́.

Èdè tiwa kò ní irú wàhálà bẹ́ẹ̀. "Ó" ni ọkùnrin, "ó" ni obìnrin. Pé a máa ń fi Títílayọ̀ àti Adébímpé fún obìnrin, àṣà ló fi í síbẹ̀, gírámà kò lọ́wọ́ sí i. Ẹ lọ wo Bahia ní Bùràsíìlì kí ẹ rí ibi tí ìyẹn lè dé. Eugênia Anna dos Santos, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Mãe Aninha, dá ilé òrìṣà Ilê Axé Opô Afonjá sílẹ̀ ní Salvador ní ọdún 1910. Orúkọ tó gbà nínú Ṣàngó ni Obá Biyi. Ọbábíyìí: ọba ló bí èyí. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, Maria Stella de Azevedo Santos jókòó sórí àga kan náà láti ọdún 1976 títí tó fi kú ní ọdún 2018. Odé Kayodé ni orúkọ tirẹ̀: ọdẹ kó ayọ̀ dé. Bí a bá gbọ́ Káyọ̀dé nílé báyìí, ọkùnrin la ń wò lọ́nà. Lọ́hùn-ún, ìyá àgbà ni. Orúkọ tí wọ́n fi ìjọ́sìn pa mọ́ lórí òkun ní àyè tí tiwa ti ń há.

Mo fẹ́ mẹ́nu ba ohun kan nípa àwọn ìyàwó ilé kí n tó lọ. Ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, àní bí ọmọ náà tilẹ̀ kéré sí i lọ́jọ́ orí. Nítorí náà wọ́n ń sọ wọ́n lórúkọ fúnra wọn: Ìbàdíàrán, Ìdílẹ̀kẹ̀, Eyínfúnjowó, Adúmáradán, Òpéléńgé. Àwọn obìnrin tí kò sí ẹni tó ń pè wọ́n lórúkọ ara wọn mọ́, tí wọ́n ti di Ìyá Bọ́lá, Ìyá Sùnkànmí, ni wọ́n ń fi ojú ara wọn wo ọmọbìnrin ilé, tí wọ́n ń rí eyín rẹ̀, tí wọ́n ń rí ìdí rẹ̀, tí wọ́n ń sọ ọ́. Orúkọ wọ̀nyí kì í dé inú ìwé ìjọba rárá. Ẹ béèrè wọn lọ́wọ́ àwọn ìyá yín kí ilẹ̀ tó ṣú.

Orúkọ tiwa náà sì ti di ti ẹlòmíràn. Helen Foláṣadé Adú, tí wọ́n bí ní Ìbàdàn ní ọdún 1959, bàbá rẹ̀ Yorùbá, ìyá rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1984. Ṣadé ni wọ́n kọ sára rẹ̀, láìsí àmì lábẹ́ "s". Kí àwọn ará Amẹ́ríkà lè mọ bí wọ́n ṣe ń pè é, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí ara àwo pé Shar-day. Ará Lọ́ńdọ̀nù kì í pe "r" yẹn. Ará Amẹ́ríkà ń pè é. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá dúdú Amẹ́ríkà ṣe ń sọ ọmọ wọn ní Sade, Sharde, Shardae, Charde. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan nílé ń fi ṣẹ̀sín. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá tí wọ́n já orúkọ gbà lọ́wọ́ ìyá ìyá ìyá rẹ̀ gbọ́ adé kan nínú rédíò, ó mú un, ó fi dé ọmọ rẹ̀ lórí.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ Àìná. Ó dàgbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó fẹ́ James Labulo Davies, oníṣòwò ọmọ Yorùbá, ní Brighton ní ọdún 1862, wọ́n sì padà wá sí Èkó. Nígbà tó bí ọmọbìnrin àkọ́bí, ó gba àyè lọ́wọ́ ayaba, ó sọ ọmọ náà ní Victoria. Ayaba fúnra rẹ̀ ni ìyá ìsàmì ọmọ náà. Ẹni tí orúkọ yẹn ń bá sọ̀rọ̀ kò fara sin. Ikọ́ àwúgbẹ mú ìyá náà, wọ́n gbé e lọ sí Madeira nítorí afẹ́fẹ́ ibẹ̀, ó sì kú síbẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1880. Funchal ni wọ́n sin ín sí. Ọkọ rẹ̀ gbé òkúta ìrántí ńlá kan dúró fún un ní Ijon, níbi tí oko kòkó rẹ̀ wà, ní ìwọ̀-oòrùn Èkó. Wọ́n kọ ọ́ sára òkúta náà pé Princess Sarah Forbes Bonetta, ìyàwó J. P. L. Davies. Orúkọ ọ̀gá ọkọ̀ wà níbẹ̀. Orúkọ ọkọ̀ ojú omi wà níbẹ̀. Orúkọ ọkọ wà níbẹ̀. Àìná kò sí níbẹ̀.